Àáró Ojú Ẹ̀rọ

"Màmá, ṣé ẹ lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ yìí, àbí ẹ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni?"

Akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, ló bi mí léèrè bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, nínú ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Olóko Eléso ní Ìlọra. Ẹ̀yìn àga mi ló dúró sí. Àlejò méjì tó mú wá láti Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìdajì rẹ̀ ni mo lè kà. N kò fẹ́ purọ́, n kò sì fẹ́ kó fi ìdajì tí mo mọ̀ ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo tẹ ìlà tí mo ń tẹ̀ parí, mo kà á wò lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó gbójú sókè. Wọ́n ti lọ.

Dorcas ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Títílayọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ní ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì níbi tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tó kan pé kí n tẹ̀ síwájú, bàbá mi ní owó ọwọ́ òun kò ju ti ọmọ kan lọ, àbúrò mi ọkùnrin sì ni ọmọ náà. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo ra ògbólógbòó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kan tó fẹ́ kó o dànù. Bọ́tìnì "k" rẹ̀ ti kán. Gbogbo ìwé tí mo bá tẹ̀, mo máa ń fi àyè "k" sílẹ̀, n ó sì wá fi bírò kọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ bí "k" ṣe pọ̀ tó nínú Yorùbá yóò mọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ara mi kí ẹnikẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́, ẹgbẹ́ yìí náà ló sì gbà mí.

Ní ọdún 1990, òyìnbó obìnrin kan tó ń bá ìjọ wa ṣiṣẹ́ bá wa tọrọ kọ̀ǹpútà kan láti ìlú rẹ̀. Ó fi àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ módẹ́ẹ̀mù so ó mọ́ fóònù. Iṣẹ́ àpótí náà ni láti sọ ìwé di ohùn kí ó lè gba inú wáyà kọjá, kí ó sì tún sọ ohùn di ìwé padà. Ó wá fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà náà, tí ọkùnrin ará Kánádà kan kọ. Pátákó ni àwa ń pe ètò ọ̀hún, nítorí iṣẹ́ pátákó ìkéde ló ń ṣe. Ọ́fíìsì wa ní Fìdítì àti àwọn tó ń ra èso wa ní Ìbàdàn yóò fi ẹ̀rọ tiwọn pè wá lórí fóònù, wọn yóò fi ìkéde sílẹ̀, wọn yóò ka èyí tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀, wọn yóò sì já a. Láràárọ̀, èmi ni yóò tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà, tí n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìta. Àwọn olóko a sì dúró síwájú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé a bi ẹni tó mọ̀wé: ọjọ́ wo ni lọ́rì ń bọ̀? Ọsàn mélòó ni wọ́n ń fẹ́? Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni. Ọsàn tó bá sùn ní ojú títì ọjọ́ mẹ́ta, ewúrẹ́ ló ni ín.

Òyìnbó náà padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún kejì. Kó tó lọ, ó kó ìdìpọ̀ bébà kan lé mi lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́rìndínnígba. Ohun tí ará Kánádà náà kọ gan-an nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ̀rọ tó tú u sí èdè ara rẹ̀. Ó ní bí pátákó bá bàjẹ́, ibẹ̀ ni kí n wò. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo gbé e sínú àpótí aṣọ mi, lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń mú ojú ìwé kan, n ó sì kà á bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì, títí n ó fi mọ ohun tó ń pàṣẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kà á tán. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo ń pè ní ìdajì nìyẹn.

Nígbà tí Bámidélé di akọ̀wé, ó ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ẹgbẹ́. Ọmọ Poli ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Windows ló wà nínú ẹ̀rọ tuntun yìí, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní NT. Ó kó pátákó sínú rẹ̀, ó tan án, pátákó kú lójú ẹsẹ̀. Ó tún tan án, ó tún kú. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà sì ti ń kógbá sílé: ó di ìgbà mẹ́rin tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó tó lajú, bí ó bá sì lajú, a máa kérora bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án.

"Nǹkan àtijọ́ ni," Akọ̀wé wí. "Ẹ̀rọ tuntun kò gbà á, èyí tó gbà á sì ń kú lọ. Ẹ jẹ́ ká pa pátákó tì. Fóònù yẹn, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́, níbi tí yóò ti wúlò."

Alága wa, Bàbá Joel, tó ti ń gbin ọsàn kí wọ́n tó bí Akọ̀wé, yíjú sí mi. "Ìyá Títílayọ̀, kí lo rí sí i?"

"Mo lè gbé e kọjá sínú ẹ̀rọ tuntun."

"Gbé e kọjá!" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé iṣu ni?"

"Bó bá ṣe pé iṣu ni, ẹ̀yin náà ì bá ti gbé e."

Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Bàbá Joel nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí pátákó kò bá jẹ́ nínú ẹ̀rọ tuntun nígbà náà, kí wọ́n tú wáyà fóònù, kí n sì padà sídìí lẹ́tà títẹ̀. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láìsí fóònù àti pátákó, kò sí ẹni tí yóò mọ ọjọ́ tí lọ́rì ń bọ̀ àyàfi ẹni tó bá rí owó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ béèrè.

Nígbà tí mo délé, mo ka iṣẹ́ náà wò. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, èdè ẹ̀rọ ni, ènìyàn kò lè tún un ṣe. Díìsìkì tí òyìnbó kọ ohun tó wà lórí bébà náà sí ti bu, funfun ti bo inú rẹ̀ bí ẹ̀bà ọjọ́ mẹ́ta. Bébà nìkan ló kù. A jẹ́ pé n ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àmì kan ṣoṣo tí mo bá fò, ẹ̀rọ kò ní gbà á. Ojú mi kò sì lè wà lórí bébà kó tún wà lójú ẹ̀rọ. Bí mo bá dá a ṣe, oṣù méjì kò ní tó.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ jù fún, tí òjò sì ń lé e bọ̀, ohun méjì ló lè ṣe. Ó lè bẹ ọ̀wẹ̀, kó se oúnjẹ fún àwọn tó bá wá, kó sì dúpẹ́, ó parí. Ó sì lè dá àáró. Àáró kì í ṣe ọpẹ́. Iye ọjọ́ tí o bá bá mi ṣe, iye náà ni n ó bá ọ ṣe padà, nínú oko tìrẹ, iṣẹ́ tí o bá fẹ́. N kò fẹ́ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ yóò máa dúpẹ́ títí ayé, èmi sì fẹ́ kí a mọ ohun tí à ń ṣe náà sí iṣẹ́. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú ìkéde àárọ̀ ọjọ́ kejì: *Mo ń wá ẹni mẹ́ta tó lè ka lẹ́tà àti àmì sókè ketekete. Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀.*

Sìrájù ló kọ́kọ́ wọlé. Ará Ìwàrè ni, ó ní oko iṣu àti oko ọsàn, kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ.

"Ìyá, àáró kẹ̀? Bí mo bá bá yín kàwé, ta ni yóò bá mi kọ ebè?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọgọ́ta ọdún?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Má fi kún un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ méjì ni mo lè fún yín. Ọgọ́ta ebè ni àáró àárọ̀ kan lọ́dọ̀ wa."

"Ọgọ́fà ebè nìyẹn. Mo gbọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hàwáù dé, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbin ọ̀pẹ̀-òyìnbó, tó tún ń tà á; ó fún mi ní àárọ̀ mẹ́rin. Rachel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fún mi ní márùn-ún. Ó ní gàrí ni kí n wá bá òun yan.

A bẹ̀rẹ̀. Láti agogo méje títí oòrùn yóò fi kàn tàrí, ẹnì kan yóò jókòó tì mí pẹ̀lú bébà, yóò máa kà, èmi yóò máa tẹ̀. Bí mo bá tẹ ìlà kan tán, èmi náà yóò kà á padà láti ojú ẹ̀rọ, òun yóò sì fi ìka tẹ̀lé e. Bí iná bá lọ, a ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí a dé, a ó fa jẹnẹrétọ̀, a ó sì tún ìlà náà kà. Àwọn àmì kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ wọn. Rachel fẹ́ kí a máa pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé-ìwé, ṣùgbọ́n Hàwáù ti sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀: èyí ni ìwọ̀, èyí ni ìrù, èyí ni àbúrò ìrù. Ti Hàwáù ló yára jù, òun la sì lò.

"Ìyá Títílayọ̀," Hàwáù wí lọ́jọ́ kan, "kí ló ń dààmú ọkùnrin yìí? Gbogbo ojú ìwé, 'bó bá rí báyìí, ṣe tibí. Bí kò bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún.' Kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó dúró lé e. Ọkọ mi gan-an rèé!"

"Hàwáù, ka ohun tó wà níbẹ̀," Rachel wí láti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe àárọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá bẹ̀ wá wò.

"Mo ń kà á o, tíṣà. Bí kò bá rí báyìí, ìwọ̀. Ẹ máà nà mí."

Ìgbà mìíràn, àwọn tó wá ka ìkéde níta yóò dúró sí ojú fèrèsé, wọn yóò máa gbọ́ wa. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń bi èkejì pé àdúrà wo là ń gbà.

Lọ́jọ́ kọkànlá, a dé ìdí ìdìpọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ikán ti gba ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi wọlé, ojú ìwé méjì tó kẹ́yìn ti di ìyẹ̀pẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀: ibẹ̀ ni pátákó ti ń ṣírò ọjọ́. Bí Ìbàdàn bá kọ ọ́ pé òní ọjọ́ báyìí ni lọ́rì ń bọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wo oní, tí yóò sì kọ ọjọ́ náà gan-an síwájú ìkéde. Kò sí ibi tí n ó ti rí i kọ. Mo ronú sí i ní àárọ̀ kan gbáko, mo sì fi orí ara mi kọ ọ́, ìlà mọ́kàndínlógójì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ tí mo lè rí.

Ohun tó kù ni ohun tó ń pa pátákó nínú ẹ̀rọ tuntun. Ìwé kan wà lórí pẹpẹ Akọ̀wé, ó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, àwo kọ̀ǹpútà kan sì bá a wá, tó ń tú ohun tí ènìyàn bá kọ sí èdè ẹ̀rọ tuntun. Ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ tọrọ rẹ̀.

"Ẹ mú un, Màmá," Akọ̀wé wí. "Bí ẹ bá kà á tán, kí ẹ wá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi."

Mo ya ọ̀rá rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì gbé e lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Mo ka ibi tí mo nílò, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò le nígbà tí ó yé mi. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ètò a máa na ọwọ́ fúnra rẹ̀ sí módẹ́ẹ̀mù, bí ọmọ ilé tó ń wọ ilé ìdáná láìbéèrè. Ẹ̀rọ tuntun kò gba irú ìyẹn. Oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà. Ètò tó bá fẹ́ fi módẹ́ẹ̀mù ṣe nǹkan, kó sọ fún oníbodè, oníbodè ni yóò bá a ṣe é. Èyí tó bá na ọwọ́ tààrà, yóò pa á. Pátákó kò ṣàìsàn rárá, ìwà ilé tuntun ni kò mọ̀. Ibi mẹ́rìnlélógójì ni ará Kánádà náà ti na ọwọ́ tààrà. Mo wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ́ pátákó bí yóò ṣe máa kanlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, mo ní kí akọ̀wé Fìdítì pè wá. Módẹ́ẹ̀mù han, ó dákẹ́, ó tún han. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ tuntun, ẹyọ kọ̀ọ̀kan: *Ẹ káàárọ̀ o, Ìlọra. Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?* Mo dáhùn pé àwa ni.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ni ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ kọkàndínlógún. Ìgbìmọ̀ pé, àwọn olóko sì kún ojú fèrèsé, Sìrájù àti Hàwáù wà nínú wọn. Akọ̀wé ní òun fúnra òun ni yóò dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ń fi ọgbọ́n tì í lẹ́yìn. Ó jókòó. Ó fi ìkéde sílẹ̀ bí ẹni pé láti Ìbàdàn ló ti wá: lọ́rì ń bọ̀ ní Fìdítì, òní ọjọ́ márùn-ún. Ó tẹ márùn-ún sí àyè iye ọjọ́. Pátákó gbà á, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀: Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún.

Akọ̀wé wò ó. Ó tún un tẹ̀. Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún. Ó bá yí àga rẹ̀ padà.

"Ẹ̀yin àgbà, òní ni ọjọ́ kọkàndínlógún. Ẹ fi márùn-ún kún un. Ìkẹrìnlélógún ni, Àbámẹ́ta. Ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an, Àbámẹ́ta ni yóò pè é. Màmá ti ba ètò náà jẹ́. Ẹ̀rọ tí kò mọ ọjọ́, ṣé òun la fẹ́ fi ọsàn wa lé lọ́wọ́?"

Mo mọ ibi tó wà: ìlà mọ́kàndínlógójì tí mo fi orí ara mi kọ. Mo ní kó dìde. Mo ṣí ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. N kò kánjú. Ẹnì kan wúkọ́. Mo dé ìlà kejìlá, mo rí i. Orí òní ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà: òní ni ení, ọ̀la ni èjì. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti máa ka ọjọ́ ọjà lórí ìka nìyẹn, kí n tó mọ ìwé kankan, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí mo rò pé ọ̀nà mìíràn wà. Ará Kánádà kò ka òní mọ́ ọn. Ọ̀la ló fi ṣe ení.

Mo lè ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

"N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," mo wí. "Mo ka òní mọ́ ọn, n kò sì mọ̀."

"Ẹ gbọ́ o," Akọ̀wé wí. "Ó ti jẹ́wọ́."

"Mo jẹ́wọ́ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. N kò jẹ́wọ́ pé kò tọ̀nà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Òní ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ wo ni?"

Bàbá Joel na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó sì di àtàǹpàkò mú. "Òní. Ọ̀la. Ọ̀tunla. Ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún." Ó dé orí ìka tó kéré jù. "Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ẹtì ni."

"Bàbá, ìṣirò kọ́ nìyẹn, ìyẹn kàn jẹ́..."

"Akọ̀wé!" Sìrájù ló pariwo láti ojú fèrèsé. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí Fatihah ọmọ mi. Ọjọ́ Ẹtì la sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ mélòó nìyẹn?"

"Méje."

"Háà! Ẹ̀yin ẹ fi ọjọ́ méje sọ tiyín. Ọjọ́ kẹjọ la sọ Fatihah, ẹ̀yin náà sì wá jẹun níbẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Hàwáù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ronú. "Ẹ dúró ná," ó wí. "Àwọn tó ń kọ ìkéde láti Ìbàdàn, ṣé Yorùbá kọ́ ni wọ́n? Bí wọ́n bá ní ọjọ́ márùn-ún, Ẹtì ni wọ́n ní lọ́kàn, Ẹtì ni wọ́n sì sọ fún awakọ̀. Ẹ̀rọ ló wá ń kọ Àbámẹ́ta síwájú rẹ̀ fún wa!"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Ọdún mẹ́jọ la fi ń bá àwọn awakọ̀ Ìbàdàn jà pé wọn kì í ní sùúrù, pé wọ́n máa ń wá ṣáájú ọjọ́. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ti kọ́ ọgbọ́n: bí pátákó bá ní Àbámẹ́ta, kí o ti gbé ọsàn rẹ sí títì ní Ẹtì. A ti mọ́ ọn lára. Àwọn tuntun ni wọ́n ń gba pátákó gbọ́, tí ẹrù wọn sì ń jẹrà. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó bi ẹ̀rọ léèrè bó ṣe ń kà, èmi tí mo jókòó tì í ní ojoojúmọ́ náà kò bi í. Ará Kánádà kò jẹ̀bi. Bí àwọn tirẹ̀ ṣe ń kà ló ṣe kà. Àwa la kò wò ó.

"Akọ̀wé," Bàbá Joel wí, "ọjọ́ wo ni lọ́rì máa ń dé?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ náà ni pé..."

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹtì," Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́. Ó fọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́dọ̀ yí i padà. Kọ̀ǹpútà gbogbo ayé, bí mo ṣe wí ni wọ́n ṣe ń kà á. A kò lè dá tiwa ṣe."

"N kò ní yí i," mo wí.

"Màmá..."

"Kọ̀ǹpútà gbogbo ayé kò ní ọsàn ní Fìdítì. Àwọn tó ń kọ ọ́ ń ka òní mọ́ ọn, àwọn tó ń kà á ń ka òní mọ́ ọn. Ẹni tó wà láàárín wọn ni yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà. N kò ní yí i. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ìlà kejìlá ni. Ẹ jókòó, kí ẹ yí i fúnra yín."

Ó wo àga náà. Kò jókòó. Bàbá Joel ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé pátákó kò lọ síbì kankan, fóònù kò sì kúrò ní Ìlọra.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í san àáró. Mo bá Rachel yan gàrí ní àárọ̀ márùn-ún, èéfín sì fọ́ mi lójú dé ibi tí mo ń wo lẹ́tà ní méjì-méjì. Mo bá Hàwáù já ọ̀pẹ̀-òyìnbó ní àárọ̀ mẹ́rin. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, mo kọ̀, ẹ̀gún sì ya mí lápá. Ti Sìrájù ló kẹ́yìn. Mo ra ọkọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwàrè.

Àwọn ọkùnrin tó wà ní oko ìtòsí dúró wò mí. Obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa, àgàgà àgbàlagbà. Ọ̀kan bi Sìrájù bóyá ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣẹrú. Mo ní kó bi èmi. Kò bi mí. Mọ́kànlá ni mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wó méjì nínú wọn, mo tún wọn kọ, nítorí wọn kò dúró dáadáa. Àárọ̀ méje ni mo lọ. Ó pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo dé ní ìkẹjọ, mo bá oko náà ní kíkọ tán. Ebè mọ́kànlélógún tó kù ti wà nílẹ̀, erùpẹ̀ wọn ṣì tutù, Sìrájù sì jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ àgbàdo.

"Ta ló kọ ìwọ̀nyí?"

"Ilẹ̀ ti ń le, Ìyá. Òjò ti lọ. N kò fẹ́ kí ẹ̀yìn yín kán nínú oko mi, kí ayé ní èmi ni mo pa yín."

"Ṣé mo bẹ̀ ọ́?"

"Ó tó, Ìyá. Mo ti fi èyí tó kù jì yín. Kí ni mo ṣe? Ìwé lásán ni mo bá yín kà."

"Bí ó bá jẹ́ ìwé lásán, a jẹ́ pé ohun tí mo ń ṣe láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, lásán ni," mo wí. "Iṣẹ́ ni o bá mi ṣe. Iṣẹ́ ni mo jẹ ọ́. Lọ wá ilẹ̀ mìíràn fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó jẹ àgbàdo. N kò jókòó. Ní ọdún kejì, mo tún gbé ọkọ́ lọ ní àkókò ebè. Ó ti gbọ́ pé mo ń bọ̀, ó sì ti kó àwọn ènìyàn kọ gbogbo rẹ̀ tán ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọdún kẹta, bákan náà. Bí ó bá wá ka ìkéde, a máa kí mi láti ìta pé, "Ìyá, mo ti fi jì yín o!" Èmi náà a sì dá a lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ pé n kò gbà. Ebè mọ́kànlélógún ni. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.